Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń jó irin o! Ohun tójú mi rí lọ́wọ́ wẹ́dà tó ra màṣíìnì CO2 láìra gáàsì rẹ̀

Ẹni tó bá rí mi lórí afárá Tádì Méénìláǹdì láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn yóò rò pé mo ti sùn lọ nídìí ọkọ̀ ni. Mi ò sùn o. Ìjókòó tí mo jókòó lé ló já. Mo kàn gbọ́ "kà!" nísàlẹ̀ mi ni, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn mi ti lọ ilẹ̀, òrùlé ọkọ̀ ni mò ń wò, ẹsẹ̀ mi ò sì dé ibi bíréèkì mọ́. Ọkọ̀ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, omi ọ̀sà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ tí mo fi di sítíárì mú náà ni mo fi fa ara mi dìde. Ọlọ́run ló ní kí n wà láyé kí n máa rò ó fún yín.

Ẹ ó bi mí pé kí ló mú ìjókòó ọkọ̀ já bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nígbà yẹn. Ilẹ̀ ọkọ̀ mi ti dípẹtà, ibi tí wọ́n de ìjókòó dẹrẹ́bà mọ́ ti ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ páńẹ́lì bítà kan ládùúgbò wa. Mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe irú ẹ̀. Màṣíìnì pupa tuntun kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ń dán gbinrin, wọ́n kọ MIG sí i lára gàdàgbà. Ó ní ayé ti kọjá ẹlẹkitiróòdù, pé wáyà ló ń tú jáde fúnra ẹ̀ látinú ẹ̀rọ yìí, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó gan-an ni. Inú mi dùn. Mo sanwó, mo tún fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ lówó omi. Àṣé wàhálà ni mo ń fowó ara mi rà.

Ìgbà tí mo wọ́ ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Múṣin, àgbà nínú iṣẹ́ páńẹ́lì, kò pẹ́ rárá tó fi rí i. Ó mú òòlù kékeré kan, ó gbá ojú ibi tí wọ́n jó lápá kejì, èyí tí kò tíì já. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbá a, ló bá ṣí kúrò. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wo inú ẹ̀. Ihò wẹẹrẹwẹ ló kún ibẹ̀ bámúbámú bí afárá oyin.

"Ọ̀gá mi, nígbà tí wọ́n ń jó o, ṣé ẹ rí sílíńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màṣíìnì wọn?"

Mo ronú títí. "Bàbá, mi ò rí sílíńdà kankan o."

"Ó parí nìyẹn. Gáàsì ni ò sí. Ìhòòhò ni wọ́n jó wáyà yẹn."

Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ yìí ló gbé mi dìde tí mo fi lọ tọ pinpin iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo sì rí, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wọ mọ́tò, tó ń ṣe géètì, tó ń gbé ọmọ ẹ̀ jókòó sórí àga onírin gbọ́ ọ.

AFẸ́FẸ́ TÍ À Ń MÍ NI Ọ̀TÁ IRIN GBÍGBÓNÁ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìdí ẹ̀. Bí iná mànàmáná bá ti yọ́ irin di omi, irin náà á di ọ̀mu. Gbogbo ọ́síjìn àti náítírójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà mu. Bó bá wá ń tutù, afẹ́fẹ́ tó ti mu yẹn á fẹ́ jáde, irin á sì ti ń gan mọ́ ọn nínú. Ihò tí mo rí nìyẹn. Èyí tí kò bá dihò, á sọ irin di gbẹrẹfu, á máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ.

Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ jórinjórin láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọgbọ́n bí wọn yóò ṣe ta aṣọ bo irin gbígbóná ni. Ẹlẹkitiróòdù tí gbogbo wa mọ̀, gauge 12 àti gauge 10 tí àwọn wẹ́dà ń rà ní páálí, ẹ ò rí ohun funfun tàbí eléérú tó gbẹ mọ́ ọn lára? Aṣọ ẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń jó, yóò rú èéfín tó ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, yóò sì fi ìdàrọ́ bo ojú irin. Ìdàrọ́ yẹn ni wọ́n máa ń fi òòlù gbá kúrò. Ti àwọn onígáàsì kábáìdì, iná tó ń jó lẹ́nu ọ̀pá náà ló ń ṣọ́ irin.

Wáyà ti MIG wá ń kọ́? Wáyà lásán ni, tínínrín, kò ní ohunkóhun lára ju bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi pa á kó má baà dípẹtà. Kò láṣọ. Gáàsì tó ń tú jáde láti ẹnu ìbọn pẹ̀lú ẹ̀ ni aṣọ ẹ̀. Ẹni tó bá yọ gáàsì kúrò nínú iṣẹ́ yìí, ó dà bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun sínú òjò tó ní òun ń wẹ̀ ẹ́.

BÁWO NI GÁÀSÌ ṢE DÉNÚ Ọ̀RỌ̀ Ọ̀HÚN?

Ọdún 1948 ni wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí jáde ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Battelle ní ìlú Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá a. Gáàsì ágọ́ọ̀nù àti hílíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò, àwọn gáàsì tí kì í bá ohunkóhun ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n tí owó wọn ga. Ẹni tó bá fẹ́ fi jó irin lásán, owó gáàsì á ju owó irin lọ.

Ní 1953, àwọn ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì méjì, Lyubavskii àti Novoshilov, sọ fáyé pé CO2 náà lè ṣe é fún irin. CO2 yìí kan náà ló ń hó nínú mínírà tí ẹ̀ ń mu o! Ó pọ̀, kò wọ́n. Látìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò káàkiri ayé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ páńẹ́lì bítà wa fi ń pe màṣíìnì ọ̀hún ní CO2, gáàsì ẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹ wá wo àwàdà tó wà níbẹ̀: wọ́n ń pe ẹ̀rọ lórúkọ gáàsì, gáàsì ọ̀hún ni wọn ò rà.

Ká má parọ́, ẹ̀rọ náà dára. Irin ara mọ́tò òde òní kò nípọn ju mìlímítà kan lọ, òmíràn ò tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹlẹkitiróòdù jó o, á lu ú já. Bí ẹ bá fi kábáìdì jó o, iná á pọ̀ jù, páńẹ́lì á ká kọ̀ǹkọ̀. MIG ló lè jó o ṣókí ṣókí láìbà á jẹ́, kò sì sí ìdàrọ́ tí wọn yóò máa gbá.

OHUN TÓ YẸ KÓ WÀ NÍBẸ̀ RÈÉ

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó ń mura fírídọ́ọ̀mù, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́. Màṣíìnì tí wọ́n ń nà yín sí ní ọjà kì í ṣe gbogbo ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni màṣíìnì fúnra ẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ará ibí ń fi wáyà bàbà wé. Èyí tí wọ́n ń wé yẹn, ti ẹlẹkitiróòdù ni. Ti MIG gbọ́dọ̀ jẹ́ DC, fóòtì ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró lójú kan bí wáyà ṣe ń jó. Fún wáyà tó ń lo gáàsì, ìbọn ló ń wà lójú pọ́sítíìfù, ẹ́ẹ̀tì lójú nẹ́gẹ́tíìfù.

Ìkejì ni ẹ̀rọ tó ń ti wáyà. Kẹ̀kẹ́ kéékèèké méjì tàbí mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tó ń di wáyà mú tó ń tì í lọ. Ojú ihò kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá wáyà mu: wáyà 0.8, kẹ̀kẹ́ 0.8. Bí kò bá bára mu, wáyà á máa yọ̀, tàbí kó lọ́ pọ̀ bí òwú tí ológbò fi ṣeré.

Ìkẹta ni ìbọn àti okùn ẹ̀. Nínú okùn náà ni ọ̀nà wà tí wáyà ń gbà, tí gáàsì àti iná náà ń gbà. Lẹ́nu ìbọn, típù bàbà kékeré kan wà tí wáyà ń gba àárín ẹ̀ jáde, nọ́sù sì wà lóde ẹ̀ tó ń darí gáàsì. Típù yìí ń jẹ, ó yẹ kéèyàn máa pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ̀ta iná náà máa ń dí nọ́sù. Bó bá ti dí, gáàsì ò ní í jáde dáadáa, ihò á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹrin ni wáyà. Fún ara mọ́tò, 0.6 tàbí 0.8 mìlímítà ló dáa. Fún géètì àti irin tó nípọn, 1.0 tàbí 1.2. Ẹ wo ara róòlù kẹ́ ẹ tó ra á. Èyí tó wọ́pọ̀ fún irin ni ER70S-6. Wọ́n ti po mángánísì àti sílíkọ́ọ̀nù mọ́ irin ẹ̀, nítorí pé bí CO2 bá dé inú iná, díẹ̀ nínú ọ́síjìn ara ẹ̀ máa ń tú sílẹ̀. Àwọn nǹkan méjì yẹn ló ń mú ọ́síjìn náà so kó má baà ba irin jẹ́.

Ìkarùn-ún ni sílíńdà àti rẹ́gúlétọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. CO2 nìkan kò wọ́n, ó sì ń wọ irin dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná ẹ̀ pọ̀. Ágọ́ọ̀nù tí wọ́n po CO2 ìdá ogún tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ máa ń jó jẹ́ẹ́jẹ́, ojú ẹ̀ sì máa ń mọ́, àmọ́ owó ẹ̀ ga. Alumíníọ́ọ̀mù kò fẹ́ CO2 rárá, ágọ́ọ̀nù gidi ni tiẹ̀. Rẹ́gúlétọ̀ tó dà bí aago lórí sílíńdà ni wọ́n fi ń wọn gáàsì, lítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìṣẹ́jú kan ló sábà ń tó. Ẹ má rò pé bó bá pọ̀ sí i ló dára sí i. Bó bá le jù, á máa dà rú, á tún fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Ẹ tún gbọ́ èyí: inú sílíńdà CO2, omi ni gáàsì náà. Aago orí ẹ̀ á máa sọ ohun kan náà títí omi yẹn fi tán, lẹ́yìn náà lá já lulẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó kù, kó gbé sílíńdà sórí ìwọ̀n. Bí wọ́n bá sì ń lò ó lọ láìdúró, rẹ́gúlétọ̀ lè dì bíi yìnyín, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ní ohun tó ń mú un gbóná.

ỌGBỌ́N TÍ WỌ́N FI Ń MÚ ÈÈYÀN

Àwọn kan á ní, "Bọ̀dá, màṣíìnì tèmi kì í lo gáàsì." Irọ́ kọ́ ni gbogbo ìgbà o. Wáyà kan wà tí wọ́n ń pè ní gasless, inú ẹ̀ ṣófo bí ọ̀pá ìfun, wọ́n sì ti rọ ìyẹ̀fun sínú ẹ̀. Ìyẹ̀fun yìí ń ṣe iṣẹ́ tí aṣọ ara ẹlẹkitiróòdù ń ṣe. Ó ń rú èéfín gan-an, ó ń fi ìdàrọ́ sílẹ̀, ó sì máa ń fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ojú pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù kí wọ́n tó fi jó. Fún iṣẹ́ ìta tí atẹ́gùn pọ̀, ó dára.

Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé wáyà yẹn wọ́n ju wáyà lásán lọ. Làwọn kan bá ra màṣíìnì gasless, wọ́n wá ki wáyà lásán bọ inú ẹ̀. Gáàsì ò sí, ìyẹ̀fun ò sí. Ohun tí wọ́n fi jó ìjókòó mi nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá wo òkè ẹ̀, wọ́n á ti fi máṣíìnì fá a, wọ́n á ti fi pọ́tì dí i, wọ́n á kùn ún lọ́dà, ojú ẹ̀ á máa dán bí ojú ìyàwó. Inú ẹ̀ ti kú.

Kódà ẹni tó ra gáàsì lè fi í ṣòfò. Ṣọ́ọ̀bù wa, ìta gbangba ni, abẹ́ igi tàbí ẹ̀gbẹ́ títì. Atẹ́gùn tó bá ti sáré tó mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, atẹ́gùn tí ewé lásán ń mì sí, ti tó láti gbá gáàsì lọ. Àfi kí wọ́n ta tapólì yí ibẹ̀ ká, kí wọ́n sì yí fáànù síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà ń bẹ. NEPA ti lọ, PHCN ti lọ, láti 2013 ló ti di ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ṣì ni ọ̀rẹ́ wẹ́dà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e. Bí iná bá ń lọ sókè sódò, fóòtì á máa yí, wáyà kò ní í jó dọ́gba. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń fetí gbọ́ ọ ni. Bó bá ṣe déédéé, á máa dún ṣááá bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Bó bá ń dún pàù-pàù-pàù, nǹkan ti dà rú.

OJÚ ÀTI Ẹ̀DỌ̀FÓÓRÓ ÀWỌN ỌMỌ IṢẸ́

Oníbàárà nìkan kọ́ ló ń jẹ ìyà yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ní kó di irin mú, tí ò ní gíláàsì, tó kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣé èèyàn kọ́ ni? Ìmọ́lẹ̀ wáyà yìí ń jó ojú bí oòrùn ṣe ń jó awọ. Kì í dun èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ó di òru kó tó bẹ̀rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn síni lójú. Àwọn kan á ní kí wọ́n kán wàrà ọmú sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ. Gíláàsì dúdú nọ́ńbà 10 sí 13 ló yẹ kó wà lójú ẹni tó ń jó o, kì í ṣe gíláàsì òòrùn tí wọ́n ń tà ní gòsílóò.

Èéfín ńkọ́? Ní 2017, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ, fi èéfín jíjó irin sí ipò àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ní February 2019, àjọ HSE ní ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì náà kìlọ̀ pé kódà èéfín irin lásán lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró, pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ wá bí wọn yóò ṣe máa fà á kúrò níwájú òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá sì jó irin tí wọ́n pa ní síńkì, irú ti páànù, ibà lè gbé e lálẹ́ ọjọ́ náà. Wàrà alágolo tí àwọn wẹ́dà ń mu kò lè dá a dúró. Kí wọ́n fá síńkì yẹn kúrò, kí wọ́n lo ohun ìbomú tó jẹ́ ti èéfín irin, kí wọ́n sì yẹra fún jíjó o nínú yàrá tó sé mọ́. Nínú yàrá bẹ́ẹ̀, CO2 fúnra ẹ̀ lè gba ipò afẹ́fẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, èéfín olóró tí kò ní òórùn, èyí tó ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sì lè jáde níbẹ̀.

Sílíńdà náà, kí wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri. Bó bá ṣubú tí orí ẹ̀ ṣẹ́, ìbọn ńlá ló dà yẹn.

Ẹ BÈÈRÈ KẸ́ Ẹ TÓ SANWÓ

Bàbá Múṣin yẹn tún iṣẹ́ mi ṣe. Ó tú ìjókòó, ó fá ìpẹtà títí irin fi funfun. Ó yọ orí bàtìrì kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí iná má baà ba brain box jẹ́. Ó gé irin tuntun. Ó ṣí sílíńdà, ó wo rẹ́gúlétọ̀, ó fa tapólì. Kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀ mi, ó kọ́kọ́ jó irin jáńkárà méjì pọ̀, ó sì fi òòlù gbá a. Irin fúnra ẹ̀ ló ká, ojú ibi tó jó kò já. Ìgbà yẹn ló tó wọ abẹ́ mọ́tò.

Owó tó gbà ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Mo fẹ́ dúnàádúrà, mo rántí orí afárá, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ, ẹ bi wọ́n léèrè mẹ́ta: Sílíńdà dà? Irú wáyà wo lẹ fẹ́ lò? Ẹ lè jó irin jáńkárà kan fún mi kí n rí i? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò ní í bínú sí yín. Ẹni tó bá bínú, ẹ wa ọkọ̀ yín lọ. Pàápàá bó bá jẹ́ ibi ìjókòó, ibi bẹ́líìtì tàbí ṣásísì, kì í ṣe ibi àwàdà.

Ẹ̀yin wẹ́dà wa náà, a mọ̀ pé owó ò sí, a mọ̀ pé gáàsì wọ́n, àwa oníbàárà la sì máa ń ní kẹ́ ẹ bá wa ṣe é ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí owó gáàsì ò bá tíì sí, ẹ mú ẹlẹkitiróòdù yín níbi tó bá ti lè ṣe é, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà níbi tí kò bá ti lè ṣe é. Irin ni àwọn baba wa fi ń búra. Èèyàn lè fi ọ̀dà bo irọ́ lójú oníbàárà, ṣùgbọ́n irin á jẹ́rìí lọ́jọ́ kan, ó sì lè jẹ́ orí afárá ló ti máa jẹ́ ẹ. Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o.